Fèrè Lórí Itan

Fọ́tò kan wà tó ti pẹ́ tó ti ń gbé mi lọ́kàn. Dexter Gordon ló wà nínú rẹ̀, ní ọdún 1948, nílé fàájì Royal Roost ní òpópónà Broadway, New York. Ọkùnrin náà jókòó, ó dé fìlà, ó gbé fèrè sasofóònù lé itan, sìgá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Èéfín tó tú jáde ti gba gbogbo òkè orí rẹ̀. Herman Leonard ló ya fọ́tò yìí. Bí wọ́n bá ní kí àwọn tó mọ orin jáàsì mú fọ́tò kan péré tó lè dúró fún orin náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò mú un. Ohun tí mo sì ń rò nípa rẹ̀ kò ju èyí lọ: Dexter kò fọn fèrè.

Mo wá ń wo àwọn mìíràn. Ní ọdún 1948 kan náà, Leonard ya fọ́tò kan tí wọ́n ń pè ní ti Lester Young, tí òun náà ń fọn sasofóònù. Fìlà Lester wà lórí àpótí fèrè, ìgò Kóòkì wà níbẹ̀, sìgá tí iná rẹ̀ kò tíì kú wà lórí ìgò, ìwé orin sì wà nítòsí. Lester fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ tún wo èyí tí Art Kane yà ní Harlem ní oṣù kẹjọ ọdún 1958. Olórin mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló tò sórí àtẹ̀gùn ilé kan àti síwájú rẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò jókòó sí etí títì, Count Basie jókòó tì wọ́n. Fèrè dà? Kò sí ẹni tó ń fọn ọ́n. Mona, ìyàwó Milt Hinton tó máa ń ta béèsì, fi kámẹ́rà kékeré ya fíìmù bí nǹkan ṣe ń lọ lọ́jọ́ náà. Milt alára jẹ́ ayàwòrán tó dáńtọ́.

Ó ti di àṣà báyìí pé bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá pàtẹ fọ́tò jáàsì, wọ́n á pe àwọn olórin wá ṣeré níbẹ̀. Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: wọ́n gbà pé fọ́tò yadi, kí olórin wá bá a sọ̀rọ̀. Èmi kò rò pé fọ́tò Dexter yadi. Àwọn ayàwòrán tiwa tó máa ń ya èèpo àwo rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú láyé ọjọ́un, ńṣe ni wọ́n máa ń ní kí onígìtá gbé gìtá sókè, kí onígángan gbé kọ̀ǹgọ́ dání, kí ẹni tó fẹ́ ra àwo lè mọ ẹni tó ń ṣe kí ni. Ìyẹn dára fún ọjà. Ti Leonard yàtọ̀, ènìyàn ló ń fi hàn wá kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sídìí ọ̀rọ̀ iná, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n bí Leonard ní 1923 ní Allentown, ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Yousuf Karsh ní Ottawa, Karsh tó ya Churchill. Nígbà tó dé New York, kò lówó tí yóò máa fi wọ ilé fàájì. Ló bá bá àwọn tó ni ibẹ̀ ṣe àdéhùn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, òun á fún wọn ní fọ́tò tí wọ́n á lẹ̀ síwájú ilé. Ìgbà tí àwọn olórin bá ń dánrawò ló sábà máa ń yà wọ́n, kí fíláàṣì má baà dí wọn lọ́wọ́. Iná méjì ló ń lò: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn olórin. Iná ẹ̀yìn yìí ni àṣírí èéfín Dexter. Bí iná bá dojú kọ èéfín láti iwájú nìkan, èéfín kì í hàn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá gba ẹ̀yìn èéfín wá, tí ẹ̀yìn ibẹ̀ sì ṣókùnkùn, gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ á yọ. Ẹni tó bá ti rí èéfín ààrò láàárọ̀, nígbà tí oòrùn gba ihò òrùlé wọlé, ti rí ohun tí Leonard rí.

Roy DeCarava ní tirẹ̀ kò fẹ́ràn fíláàṣì rárá. Ọmọ Harlem ni, wọ́n bí i ní 1919, òun sì ni ayàwòrán aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba owó ìrànwọ́ Guggenheim, ní 1952. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bá níbẹ̀ ló ń lò, ìdí nìyẹn tí fọ́tò rẹ̀ fi máa ń dúdú, tí dúdú náà sì jẹ́ oríṣiríṣi. Ní 1983, Studio Museum in Harlem pàtẹ àwọn fọ́tò jáàsì rẹ̀ lábẹ́ àkọlé The Sound I Saw. Ó ya John Coltrane níbi tó ti ń fọn fèrè soprano ní 1963, fọ́tò náà sì dára débi pé n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ mọ́ pé ìgbà tí fèrè bá sinmi nìkan ni fọ́tò jáàsì máa ń dùn.

Bí mo bá sì ti dé orí Coltrane, ọkàn mi á yà sọ́dọ̀ Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, tí àwo rẹ̀ Drums of Passion jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960. Coltrane fi orúkọ rẹ̀ pe orin kan, Tunji. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1967, Coltrane ṣeré ní gbọ̀ngàn àṣà tí Olatunji dá sílẹ̀ ní Harlem. Ní oṣù keje ọdún náà ló kú. Wọ́n gba ohùn eré yẹn sílẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 2001. Ohùn inú rẹ̀ kò já gaara, ìlù àti fèrè ń bo ara wọn mọ́lẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá ń gbọ́ ọ, ojú ni mo máa ń wá. Ta ló jókòó síwájú? Níbo ni Olatunji dúró sí? Báwo ni ara Coltrane ṣe rí lọ́jọ́ náà? Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé fọ́tò lè dá dúró láìsí orin, àmọ́ orin tó ti kọjá máa ń wá fọ́tò kiri. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, eré tí wọ́n ń ṣe nílé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í ṣe oore tí wọ́n ń ṣe fún fọ́tò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fọn fèrè níbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún, kí wọ́n lè rí ojú àwọn tó ṣáájú wọn.

Ní New Orleans, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tó ń jẹ́ Ogden Museum of Southern Art. Wọ́n máa ń ṣe orin níbẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Leonard ti di ará ìlú náà nígbà tí ìjì Katrina jà ní oṣù kẹjọ ọdún 2005. Omi wọ ilé rẹ̀, ó sì ba nǹkan bíi 8,000 fọ́tò jẹ́, àwọn tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀. Ṣùgbọ́n nẹ́gátíìfù rẹ̀ yè, nítorí pé wọ́n ti kó wọn sí yàrá ìpamọ́ Ogden. Nẹ́gátíìfù yìí kan náà ló ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn kí wọ́n tó pàtẹ wọn ní London ní 1988. Nígbà tí Leonard kú ní 2010, Dexter ṣì jókòó níbẹ̀, èéfín ṣì ń lọ sókè.

Ọ̀rọ̀ nẹ́gátíìfù inú àpótí yìí ló gbé mi dé Èkó. Olórin Bobby Benson ní ilé ìgbafẹ́ Caban Bamboo níbẹ̀. Victor Olaiya fọn kàkàkí títí ó fi darúgbó. Fela ti ń ṣe jáàsì kí ó tó di Fela tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn ayàwòrán tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ya àwọn olórin àti àwọn oníjó lálẹ́ ọjọ́ wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ, àwọn ọmọ wọn ló jogún páálí tí fọ́tò àti nẹ́gátíìfù wọn wà. Ẹ̀yin tí páálí bẹ́ẹ̀ wà nílé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tí ì dáná sun ún nítorí pé ẹ fẹ́ kun yàrá. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ níbi tí omi lè dé. Ẹ yọ nẹ́gátíìfù kúrò nínú ọ̀rá, ẹ kó o sínú àpòòwé. Bí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n kan bá ṣì wà tó dá ojú àwọn ènìyàn náà mọ̀, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ wọn sẹ́yìn fọ́tò.