Àwọ̀ Wàrà ní Aago Méje Àárọ̀

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nígbà tí àwa mẹ́fà jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ọjà Ìjàgbó, bébà lórí itan, omi nínú agolo mílíìkì. Mẹ́rin nínú wa wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ ni wọ́n, àmọ́ Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n wá kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀dà gouache ya àwòrán níta gbangba, ní ìlú àwọn òbí wọn.

Ọyẹ́ mú. Kí ènìyàn tó po àwọ̀ tán, etí àwọ̀ náà ti gbẹ mọ́ àwo. Ta omi sí i, yóò tún jí. Irú oje igi tí àwọn Hausa ń pè ní karo, tí wọ́n ń kó ní Borno àti Yobe, ló so lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ náà pọ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Ọ̀dà òyìnbó ni mo ti ń pè é látọjọ́ yìí.

Níwájú mi, ìyá Fúlàní kan sọ agbada wàrà kalẹ̀, funfun lápá kan, èyí tí wọ́n fi pòròpórò ọkà bàbà pa láró pupa lápá kejì. Mo fi ọ̀dà funfun kun wàrà mi. Ó rí bí ẹfun ara ògiri.

Olùkọ́ wa bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Mà, ẹ tún un wò. Ṣé funfun lẹ rí yẹn?"

Mo tún un wò. Abẹ́ tapólì búlúù ni agbada wà. Ẹ̀gbẹ́ wàrà tó kọjú sí tapólì ti mú àwọ̀ aró tó ti ṣá. Èyí tó kọjú sí oòrùn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ògì àgbàdo pupa. Funfun gidi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kò ju èékánná lọ: ibi tí oòrùn ti kan omi wàrà.

Mo fi àwọ̀ aró bo gbogbo rẹ̀, mo dúró kó gbẹ, mo wá kán funfun lé e lórí. Gouache gbà bẹ́ẹ̀, bí ọwọ́ bá fúyẹ́. Bí ọwọ́ bá wúwo, ìsàlẹ̀ á tú, á di ẹrẹ̀.

Mo rántí Jacob Lawrence, ayàwòrán Amẹ́ríkà tó gbé Èkó àti Ìbàdàn fún oṣù mẹ́jọ ní 1964 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Gwendolyn Knight, tó sì fi ọ̀dà tempera àti gouache ya àwòrán Street to Mbari, ọjà tó kún fọ́fọ́. Mo máa ń rò pé àwọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Láàárọ̀ yìí, mo gbà fún un.

Ìyá oníwàrà wá dúró lẹ́yìn mi. "Wàrà mi rè é? Ta ló da aró sí i?"

Mo nawọ́ sí abẹ́ tapólì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo agbada rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi èdè Fúlàní pe ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wá wò.