Ṣé ọwọ́ yín máa ń kú lórí alùpùpù? Ẹ yẹ áńdù rẹ̀ wò

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ń tì mí lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá pa á mọ́ra, ẹlòmíràn lè ti ibẹ̀ fara pa. Ó lé lọ́dún kan tí ọwọ́ ọ̀tún mi fi ń kú tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ló máa ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú wọn. Kí n tó gun alùpùpù láti Igbókọ̀dá dé Òkìtìpupa, èjìká á ti máa ro mí, ọrùn á ti gan, ìka á sì ti di igi.

Mo gbà pé ọjọ́ orí ni. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kí ni mo tún ń retí? Aládùúgbò mi kan ní làkúrègbé ni. Òmíràn ní kí n lọ wádìí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, pé ọwọ́ téèyàn fi ń jẹun kì í déédéé kú. Mo fi òróró pa á, mo ń lo oògùn ara ríro láàárọ̀ lálẹ́, títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Oògùn ara ríro téèyàn ń lò lójoojúmọ́ láìbi dókítà lè dá egbò sínú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ọjọ́ tí ojú mi là ni ọjọ́ tí mo lọ mú ọmọ ọmọ mi obìnrin níléèwé. Ewúrẹ́ kan ṣàdédé sáré bọ́ sójú ọ̀nà. Mo ní kí n fa bíréèkì ọwọ́, ìka mi ò dáhùn. Bíréèkì ẹsẹ̀ ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀, alùpùpù yí, a bá ara wa nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì. Ọlọ́run ṣe é, orúnkún ọmọ náà nìkan ló bó. Nígbà tí mo gbé e dìde, ó wo ojú mi, ó ní: "Bàbá àgbà, ṣé ọwọ́ yín ń sùn ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìṣubú náà lọ.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n wò ó bóyá mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wò, nítorí pé àtọ̀gbẹ náà máa ń mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kú. Wọn ò rí ìkankan. Dókítà wá bi mí pé: "Bàbá, kí lẹ máa ń fi ọwọ́ yìí ṣe lójoojúmọ́?" Mo na ọwọ́ síwájú bí ìgbà tí mo bá wà lórí alùpùpù. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni. Ó ṣàlàyé pé iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e máa ń gba ọ̀nà tóóró kan kọjá ní ọrùn ọwọ́. Bí ọrùn ọwọ́ bá wà ní títẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí ara tún gbé ẹrù rẹ̀ lé e, tí ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n ọ́n, iṣan náà á fún pọ̀.

Bí mo ṣe ń bọ̀ nílé, bàbá mi ni mò ń rántí. Etíkun Ìlàjẹ ni wọ́n bí mi sí, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ wa. Bàbá mi kì í fún ọmọdé ní àjẹ̀ àgbàlagbà. Á ní kí ọmọ dìde dúró, á fi igi wọ̀n ọ́n, kó tó gbẹ́ tirẹ̀ fún un. Bí ọmọ bá ga sí i, á gbẹ́ òmíràn. Ó ní àjẹ̀ tó bá gùn jù á ba èjìká jẹ́, èyí tó bá kúrú jù á ba ẹ̀yìn jẹ́. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nígbà tí òkun wá ń jẹ ilẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀, bó ṣe ń jẹ Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947, àwọn kan nínú wa kó wá sí Igbókọ̀dá, a gbé àjẹ̀ sílẹ̀, a bọ́ sórí alùpùpù. Ọgbọ́n inú àjẹ̀ la gbàgbé. Bí wọ́n ṣe ta alùpùpù fún wa náà la ṣe ń gùn ún.

Ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga gan-an ni mo ti ra tèmi. Ó ti ti áńdù, ìyẹn irin tí a ń dì mú, síwájú, nítorí ó fẹ́ràn àtimáa tẹ̀ bó bá ń sáré. Èmi tí apá mi ò gùn, ṣe ni mò ń nà gbalaja lé orí táǹkì. Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá kò ju ọmọ tí mo bí lọ. Ó ní kí n jókòó lé e, kí n di ojú, kí n na ọwọ́ síwájú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wo ibi tí ọwọ́ mi dúró sí, ó wo ibi tí áńdù wà. Ó ní: "Bàbá, ẹ ò rí i pé ẹ̀ ń lé e ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe é, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa ní kí tiyín ṣe. Ó gbé alùpùpù dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó fi ẹfun sàmì sí ibi tí áńdù wà tẹ́lẹ̀, ká lè dá a padà bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn. Bóòtù mẹ́rin ló sábà máa ń di áńdù mú láàárín. Ó fi sípánà dẹ wọ́n, kò tú wọn kúrò. Ó yí áńdù sọ́dọ̀ mi díẹ̀, kò ju ìbú ìka kan lọ, ó ní kí n tún jókòó. Ẹ̀ẹ̀mejì la ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó bọ́ sí i. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ nìyí: ẹ̀yìn yín á nà, èjìká á sinmi, ìgúnpá á tẹ̀ díẹ̀, ọrùn ọwọ́ á sì tọ́. Bí alùpùpù bá wà ní ìdúró, tí ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí áńdù, tí ẹ sì ń ṣubú síwájú, ó ṣì jìn sí yín.

Ó tún ọwọ́ bíréèkì, ti kílọ́ọ̀ṣì àti dígí ṣe, nítorí wọ́n ti bá áńdù yí. Bí ẹ bá na ìka lé bíréèkì, ó yẹ kí ìka, ọrùn ọwọ́ àti apá wà lórí ìlà kan. Ó wá de àwọn bóòtù náà padà díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, títí gbogbo wọn fi le. Èyí tó ṣe kókó jù ló kù: ó tanná sí i láìfi jíà sí i, ó yí áńdù sọ́tùn-ún dé òpin, ó yí i sósì dé òpin. Bí ẹ́ńjìnnì bá pariwo sókè fúnra rẹ̀ nígbà náà, wáyà ti fà jù nìyẹn, ẹ má gbé e jáde. Bí ọwọ́ yín bá sì ń há mọ́ táǹkì, ẹ dá áńdù padà díẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa ní etíkun, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ máa ń jẹ irin. Bóòtù tó bá ti dógùn-ún lè já bí wọ́n bá fi agbára tú u. Kí wọ́n kán epo sí i, kó sùn mọ́jú, kí wọ́n sì fi tuntun irú kan náà pààrọ̀ èyí tó bá ti jẹ. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni jó irin mọ́ áńdù kó lè gùn sí i, ó lè kán lórí eré.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má gbé ọmọ jókòó lórí táǹkì níwájú yín. Áńdù tó súnmọ́ yín ti súnmọ́ àyà ọmọ náà, kò sì ní jẹ́ kí ẹ lè yí i dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ kíkú náà ni ti áńdù o. Bó bá ń jí yín lóru, tàbí tó ń kú nígbà tí ẹ ò gun nǹkan kan, ẹ lọ rí dókítà. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣàdédé rọ, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, rọpárọsẹ̀ lè ni, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé yín lọ lójú ẹsẹ̀.

Tèmi kò lọ lọ́jọ́ kan, ó tó oṣù méjì. Mo sì ń dúró lọ́nà kí n ju ọwọ́ díẹ̀ kí n tó máa lọ. Títí dòní, kí ọmọ ọmọ mi tó gun ẹ̀yìn mi, á bi mí bóyá ọwọ́ mi ti jí, èmi náà á ká ìka mi, màá nà wọ́n kó rí i. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó gbé ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn, ẹ bi ọwọ́ yín léèrè. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.