Òkun Wà Lẹ́yìn Ilé: Òru Méjì ní Kraké

Ẹni tí ó bá ti Àjàṣẹ́ jáde, tí ó gba orí afárá ọ̀sà kọjá, tí ó sì dé oríta Sèmè, ọ̀nà méjì ni yóò bá níwájú. Bí ó bá yà sí ọ̀tún, Kútọnu ni ó ń lọ. Bí ó bá yà sí òsì, Kraké ni, lẹ́yìn Kraké, Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú àwa ará Àjàṣẹ́ ti gba ọ̀nà òsì yìí lọ sí Badagry àti Èkó láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ojú èrò ọ̀nà ni a fi ń wo Kraké: àwọn tí ń pààrọ̀ owó pẹ̀lú ìdì náírà lọ́wọ́, àwọn oní-zémidjan tí ń pe èrò, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó tò gbọọrọ, ìwé ìrìnnà, ìbéèrè, ó parí. A kì í yà sí apá gúúsù, níbi tí òkun wà, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí títì rárá.

Nígbà ìsinmi Ọdún Àjíǹde tí ó kọjá, àwa olùkọ́ mẹ́rin láti ilé-ẹ̀kọ́ girama kan náà pinnu pé a ó yà. Òru méjì ni a lò ní ilé ìtura àtijọ́ kan láàárín igi àgbọn. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé a fẹ́ sọ òtítọ́ nípa rẹ̀, a kò sì fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́.

Òtítọ́ náà ni pé ilé náà ti gbó. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti jẹ irin fèrèsé títí ó fi dógùn-ún. Ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá wa ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, omi ara rẹ̀ sì ń kán sínú ike kan tí wọ́n ti gbé síbẹ̀ dè é. Tẹlifóònù olókùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí kò ní ẹni tí ó lè pè mọ́. Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ wà ní àgbàlá, wọ́n fi táìsì aláwọ̀ òfuurufú tẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n imọ̀ àgbọn àti ọmọ ológbò mẹ́ta ni a bá nínú rẹ̀ dípò omi. Síbẹ̀, aṣọ ibùsùn mọ́ tónítóní, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́, ẹni tí ó sì gbálẹ̀ yàrá wa gbá a dé abẹ́ ibùsùn. Iye owó rẹ̀ fún òru kan jẹ́ sẹ́fà 8000. Ní Kútọnu, a mọ àwọn ibi tí ó gba ìlọ́po mẹ́ta iye yìí tí a kò sì gbálẹ̀ abẹ́ ibùsùn wọn.

Oúnjẹ ni kò jẹ́ kí a káàánú owó wa. Ẹja yíyan ni, pẹ̀lú àkàsà àti mọyó tí wọ́n gé tòmátì àti àlùbọ́sà sí. Ojú wa ni wọ́n ṣe fa ẹja náà jáde lọ́sàn-án. Ọkọ̀ ojú omi kan ti gbé àwọ̀n ńlá wọ inú òkun, ó sì ti tẹ́ ẹ bí ààbọ̀ òṣùpá; nígbà tí a dé etí omi, àwọn ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé ti di okùn méjèèjì mú, wọ́n ń fà á, wọ́n ń kọrin sí i. Ìṣàn omi etíkun wa máa ń lọ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, nítorí náà bí wọ́n ti ń fa àwọ̀n ni ẹsẹ̀ gbogbo wọn ń sún díẹ̀díẹ̀ sí apá Nàìjíríà, tí kò sì sí aṣọ́bodè tí ó béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. Àwa náà bá wọn fà á díẹ̀. Ọwọ́ olùkọ́ kì í ṣe ọwọ́ apẹja; kò pẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ wa fi bó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá lọ, ẹ má ṣe wọ inú omi yẹn lọ wẹ̀: ìgbì ibẹ̀ a máa fa ènìyàn lẹ́sẹ̀ lọ sí agbami, àwọn ọmọ apẹja fúnra wọn kì í bá a ṣeré.

Ní ọjọ́ kejì ni a ṣàkíyèsí ohun kan. Ilé ìtura náà kọ ẹ̀yìn sí òkun. Ilé ìdáná àti ibi ìsáṣọ ni ó kọjú sí omi. Géètì ńlá, gbọ̀ngàn àti ibi ìmutí ni ó kọjú sí títì. A bi bàbá alábòójútó ibẹ̀ léèrè ìdí. Gùn ni bàbá náà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó bá wa sọ, Yorùbá Èkó tí ó kọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà mi, kì í ṣe òkun ni à ń retí níbí. Mọ́tò tí ń bọ̀ láti Èkó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni.”

Ó mú wa lọ wo pátákó iye owó tí ó wà lára ògiri. Apá kan jẹ́ sẹ́fà, apá kejì jẹ́ náírà. Wọ́n fi ọ̀dà kọ ti sẹ́fà, kò sì yí padà fún ìgbà pípẹ́. Ti náírà jẹ́ bébà tí wọ́n lẹ̀ lé orí bébà, títí ó fi nípọn bí ìwé àdúrà. Bébà òkè pátápátá kò ní nǹkan kan lára. Ní ọdún 2014, náírà 1000 ju sẹ́fà 2500 lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, náírà 1000 kò tó sẹ́fà 500 mọ́. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: yàrá tí kò tó náírà 3200 fún ará Èkó tẹ́lẹ̀ ti wá ju náírà 16 000 lọ, láìjẹ́ pé onílé fi kọ́bọ̀ kan lé e.

Ibodè fúnra rẹ̀ kò sì dúró sójú kan. Nàìjíríà tì í pa ní ọdún 1984, kò ṣí i títí di ọdún 1986. Ọmọdé tí ń ta àgbọn létí títì ni bàbá yìí nígbà náà. Ó tún tì í fún ọjọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2003. Ní ọdún 2018, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ibodè alájọni ti CEDEAO ní Sèmè-Kraké, inú gbogbo ènìyàn dùn. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ pa, àrùn Kòfíìdì wá bá a níbẹ̀, ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí ó tó ṣí i padà. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ni ilé ìtura náà ní ṣáájú ìgbà yẹn. Mẹ́ta ni a bá níbẹ̀, bàbá náà wà nínú wọn.

Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, a máa ń kọ ọ́ sójú pátákó pé Èkó ni wọ́n ti bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn CEDEAO ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, àti pé àdéhùn ti ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan ní àyè láti gbé nínú èkejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àwọn ọmọ a dà á kọ, wọn a gba máàkì. Bébà orí ògiri yẹn sàn ju ẹ̀kọ́ wa lọ.

Ní alẹ́ kejì, ẹni tí ń kọ́ni ní ìtàn láàárín wa sọ pé kí a má ṣe fojú kékeré wo ilé ìtura etí òkun ní orílẹ̀-èdè yìí. Ó rán wa létí PLM Alédjo ní Kútọnu, níbi tí Àpérò Orílẹ̀-Èdè ti jókòó láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1990, tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ṣe alága rẹ̀, tí ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo sì ti ibẹ̀ kógbá sílé láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Bàbá tẹ́tí sí i dáadáa, ó ń ko àwo. Ó ní, “Àwọn yẹn rí àpérò gbà lálejò. Ibodè ni tiwa.”

Ó wá sọ fún wa pé onílé fẹ́ tà á. Ẹni tí ó fẹ́ rà á kò nílò yàrá. Ilẹ̀ ni ó ń wá, kí ọkọ̀ akẹ́rù lè rí ibi dúró sí. A bi í bóyá ará Àjàṣẹ́ kì í wá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú gbogbo ọdún tí òun ti lò níbẹ̀, ìgbéyàwó méjì ni òun rántí, àti àwa.

Ó ṣòro fún wa láti dá a lóhùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú kíláàsì wa tí wọ́n ti dé ọjà Alaba ní Èkó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, tí wọn kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ yanrìn Kraké. Ibẹ̀ náà ni wọn ì bá ti gbọ́ èdè mẹ́rin láàárín wákàtí kan, tí Yorùbá sì ń so gbogbo wọn pọ̀: aṣọ́bodè, apẹja, ìyá alágbọn, ọmọ Íbò tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Lára ògiri ilé ìtura náà, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ. Ní àgbàlá rẹ̀, a kò gbọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì fún ọjọ́ méjì, àyàfi nígbà tí a fẹ́ san owó.

Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, wọn kò tíì tà á. Bí ẹ bá lọ, ẹ mú sẹ́fà tí a ti ṣẹ́ dání, nítorí pé kò sí ṣéńjì níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè yàrá ẹ̀yìn, lókè ilé ìdáná. Èéfín ẹja yóò máa wọlé díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Yàrá iwájú ní ibùsùn tí ó sàn jù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ òkun.