Ọgbẹ́ Tí Ojú Kò Rí

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, bí ọmọdé bá ṣubú tí orúnkún rẹ̀ bó, gbogbo ilé ni yóò sáré sí i: ẹnì kan yóò bu omi, ẹnì kejì yóò wá oògùn. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ mìíràn wà tí kì í ṣẹ̀jẹ̀. Inú ọkàn ni ó máa ń wà, ẹni tí ó ní in pàápàá lè má mọ orúkọ tí òun yóò pè é. Nípa rẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, n kò sì ní fi àṣìṣe tèmi pamọ́ fún ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní, ọdún 2002, iná ràn mọ́ ilé tí àwọn ológun ń kó bọ́ǹbù pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà ní Èkó. Àwọn bọ́ǹbù náà ń bú gbàmù-gbàmù, ilẹ̀ ń mì tìtì, àwọn ènìyàn sì ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Nínú òkùnkùn ni ọ̀pọ̀ wọn sá kó sínú kánààlì Òkè-Afa ní Ìsọlọ̀. Ewéko ti bo ojú omi náà, wọ́n sì ṣe bí ilẹ̀ ni. Ó kéré tán, 1,000 ènìyàn ni ó kú nínú ìjàǹbá náà, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn.

Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyá àgbà kan mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀. Ó ní Èkó ni ọmọ náà ti wá, àti pé ìyá rẹ̀ kò sí mọ́. N kò bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbàkigbà tí agogo bá dún, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá gbá fèrèsé dé, ọmọ yìí yóò kó sí abẹ́ tábìlì, yóò sì di etí rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀sín. Èmi rò pé àṣejù ni. Ní ọjọ́ kan, mo fà á jáde, mo sì nà án ní ẹgba mẹ́fà níwájú gbogbo kíláàsì. Kò sunkún. Ó kàn ń wò mí bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbà náà wá bá mi. Ó ní, “Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, ẹ má nà án mọ́. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ó dì mú nígbà tí wọ́n bọ́ sínú omi. Òun nìkan ni wọ́n rí fà jáde.”

Mo bi í bóyá ìjọba ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ní wọ́n fún àwọn ní ìrẹsì àti aṣọ ìbora, àwọn sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó béèrè bí ọmọ náà ti ń sùn lóru. Ojú tì mí, nítorí èmi tí a kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́, èmi náà kò béèrè.

Mo bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Nọ́ọ̀sì àgbà tí ó gbà wá fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Ó ní kí ìyá àgbà máa bá ọmọ náà wá ní gbogbo ìgbà, kí ó sì máa sùn tì í lóru. Ó wá kọjú sí mi, ó ní kí n jẹ́ kí ọmọ náà máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu agogo ilé-ẹ̀kọ́, kí ìró rẹ̀ má baà máa bá a lójijì mọ́. Nígbà tí ọdún fi yí po, òun ni alágogo wa. Bí àrá bá sán, ó ṣì ń di etí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sá pamọ́ mọ́.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní Àró, ní Abẹ́òkúta. Dípò kí ó máa ti àwọn tí ọkàn wọn dàrú mọ́lé, ó fi wọ́n sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, ìbátan aláìsàn a sì máa bá a gbé níbẹ̀. Ìjọba pèsè dókítà àti oògùn. Ẹbí àti ará abúlé pèsè oúnjẹ, iṣẹ́ àti ìfẹ́.

Àwọn baba wa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìjọba ni àgbàlagbà yìí: ọwọ́ rẹ̀ ni ó tó pẹpẹ tí owó àti òfin wà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003 pa á láṣẹ pé ire ọmọ ni kí a kọ́kọ́ rò nínú ohun gbogbo tí ó bá kàn án. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń pe aláìsàn ní wèrè. Ó yẹ kí a máa béèrè ìrànlọ́wọ́ yìí lọ́wọ́ ìjọba láìtijú, nítorí ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe sàárà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ńlá náà kò wọ akèrègbè. Ìjọba kò lè mọ ọmọ tí kì í sùn lóru ní àdúgbò yín, bí ẹni tí ó wà nítòsí kò bá sọ.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, bí o bá rí ẹgbẹ́ rẹ tí ń ṣe ohun tí kò yé ọ, má ṣe rẹ́rìn-ín. Jókòó tì í, kí o sì sọ fún olùkọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ gan-an ni ọgbẹ́ náà wà lọ́kàn rẹ, má kà á sí ìtìjú. Sọ fún àgbà kan. Bí kò bá gbọ́, sọ fún òmíràn, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ní tèmi, mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì ti gbàgbé ọ̀pọ̀ ohun tí mo ṣe nílé-ẹ̀kọ́. N kò gbàgbé ẹgba mẹ́fà yẹn. Ẹgba tí a ti nà kò ṣeé gbà padà. Béèrè kí o tó dájọ́.