Síìtì kẹ̀kẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, òun náà ló sì gba orúnkún mi là

Bí ẹ bá ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, tí dókítà sì ti sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa ṣe eré ìdárayá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí, torí ohun tójú mi rí lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, mi ò fẹ́ kójú ẹlòmíì rí i. Kẹ̀kẹ́ kọ́ ló jẹ̀bi. Síìtì ni. Ká tiẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, èmi tí mo jókòó lórí síìtì ni mo jẹ̀bi, torí mi ò mọ ohun tó wà nídìí mi.

Ní ọdún 2023 ni wọ́n yẹ̀ mí wò tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ru. Dókítà ní kí n yéé jókòó sójú kan látàárọ̀ dalẹ́, kí n máa rìn tàbí kí n máa gun kẹ̀kẹ́, kó ṣáà pé ìṣẹ́jú 150 láàárín ọ̀sẹ̀. Inú mi dùn nígbà tó dárúkọ kẹ̀kẹ́, torí Raleigh bàbá mi ni mo gùn lọ sílé ìwé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo gba Èkó lọ, mo ra tòkunbọ̀ kan tí táyà ẹ̀ nípọn dáadáa, irú èyí táwọn òyìnbó fi ń gun òkè. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé irú ẹ̀ ló yẹ ká rà. Ibi tí kò bá gun òkè níbẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, kòtò á sì tún wà láàárín ọ̀nà.

Ẹni tó tà á fún mi ló gbé síìtì ẹ̀ sókè, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gùn ún lókè òkun. Kò parọ́. Ohun tí kò sọ fún mi ni pé bí síìtì bá ga tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sórí ẹ̀ ò ní í kanlẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Màpó láàárọ̀, ni ewúrẹ́ kan bá já síwájú mi. Mo fún bíréèkì, kẹ̀kẹ́ dúró, mo na ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ò bá nǹkan kan. Bí igi tí wọ́n gé ni mo ṣe wó sójú títì. Ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ló sáré yà bàrá, táyà ẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Àlàfo tó wà láàárín wa ò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Mo ṣì máa ń gbọ́ ìró ọ̀kadà yẹn lóru nígbà míì. Àwọn tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn á ní ṣe ló yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀ síwájú síìtì kí n tó dúró. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ewúrẹ́ kì í dúró kéèyàn rántí.

Ìyá àwọn ọmọ mi ní kí n ta kẹ̀kẹ́ náà kíákíá. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá atúnkẹ̀kẹ́ṣe àdúgbò wa, mo ní kó bá mi ri síìtì náà wọlẹ̀ títí tí kò fi ní í lọ mọ́, kó sì dè é pinpin. Ó dè é lóòótọ́, sípánà ń ké. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ dídè yìí o, a máa padà sórí ẹ̀.

Ọkàn mi balẹ̀ fún bí oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúnkún mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí níwájú, pàápàá tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn. Mo ní ọjọ́ orí ló dé. Mo ń fi òróró pa á, mo ń fi omi gbígbóná jó o, kò gbọ́. Ìgbà tí mo wá lọ sọ́sìbítù, wọ́n ní kí n lọ rí obìnrin kan tó ń fi ìdárayá tọ́jú eegun àti iṣan. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Bàbá, báwo ni síìtì kẹ̀kẹ́ yín ṣe ga tó?"

Ó ṣàlàyé fún mi pé bí síìtì bá relẹ̀ jù, orúnkún á máa ká jù nígbà tí pẹ́dà bá wà lókè, tó bá sì di pé kéèyàn fi agbára tẹ̀ ẹ́, iwájú orúnkún ló máa gba gbogbo ìnira yẹn. Tó bá sì ga jù, ẹ̀yìn orúnkún ló máa dunni, ìdí á sì máa fì sọ́tùn-ún sósì lórí síìtì. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ò gba owó rárá. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ẹ jókòó sórí ẹ̀, ẹ fọwọ́ ti ògiri kẹ́ ẹ má baà ṣubú. Ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà, kẹ́ ẹ yí i títí táá fi lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ nà tán níbẹ̀, láìjẹ́ pé ìdí yín fì. Tẹ́ ẹ bá wá gbé iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ lé e, bó ṣe yẹ ká gun kẹ̀kẹ́, orúnkún á ká díẹ̀. Ibi tó yẹ kí síìtì wà nìyẹn.

Ó dáa. Àmọ́ ibi tó ní kó wà yẹn, díẹ̀ ló fi relẹ̀ sí ibi tó wà lọ́jọ́ tí mo ṣubú. Orúnkún ní kó lọ sókè, ẹ̀rù ní kó wà nílẹ̀. Mo gbé e lọ sókè, atúnkẹ̀kẹ́ṣe tún dè é pinpin, mo wá ń gbé kẹ̀kẹ́ jáde, mo ń wò ó, mo tún ń gbé e wọlé.

Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tú àṣírí. À ń rí ara wa lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kan, ló bá ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fóònù mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn. Kí lẹ̀ ń fi lífà kékeré tó wà lápá òsì ṣe?" Mo ní jíà tó ti kú ni. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe jíà o, síìtì ni lífà náà ń darí. Dropper post ni wọ́n ń pè é. Páìpù kan ló wà nínú páìpù míì, gáàsì tàbí afẹ́fẹ́ sì wà nínú ẹ̀ tó ń tì í sókè. Tẹ́ ẹ bá tẹ lífà tẹ́ ẹ sì jókòó, síìtì á tẹ̀lé ìdí yín lọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jáwọ́, ó dúró síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dìde díẹ̀ tẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́, á padà sókè síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó ga nígbà tẹ́ ẹ bá ń wa pẹ́dà, ó relẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró. Èmi tí mo ti ń gbé kẹ̀kẹ́ wọlé wọ̀de, ohun tí mo ń wá wà lábẹ́ àtàǹpàkò mi.

Nǹkan ọ̀hún kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 1984 ni Joe Breeze àti Josh Angell ní California ti ń ta sípíríǹgì kan tí wọ́n pè ní Hite-Rite, èyí tó jẹ́ kéèyàn lè rẹ síìtì sílẹ̀ kó sì gbé e sókè láìsọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2022 sì ni Matej Mohorič, ọmọ Slovenia, fi irú èyí tó ní lífà gba ìdíje Milano–Sanremo nílẹ̀ Ítálì. Ó rẹ síìtì ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Poggio, kò sẹ́ni tó bá a mọ́. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni díje ní tèmi, kẹ́sẹ̀ mi ṣáà kanlẹ̀.

Mo tẹ lífà níṣojú ọmọ yìí, kò mira. Ó ní, "Ta ló di kílíìpù yẹn?" Mo dárúkọ ọ̀gá. Ó ní kí n mú alẹ́ńkíì, kí n tú bóòtù kílíìpù tó di páìpù síìtì mú ní ìlàjì ìyípo, ìyẹn nìkan. Bí mo ṣe tú u tí mo tún tẹ lífà, síìtì gbéra nílẹ̀, fíìì, ó lọ sókè! Mo pariwo, ìyá àwọn ọmọ mi sáré jáde láti kíṣìnnì. Dídè tí wọ́n dè é pinpin ló há a. Páìpù òde ẹ̀ ò nípọn, tí wọ́n bá fún un lọ́rùn jù, á fún tinú mọ́ra, tinú ò sì ní í lè rìn. Newton-mítà 5 péré ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ní kí wọ́n fi dè é, ẹ sì rí i pé ẹni tó ń fi sípánà gígùn dè é ti ré kọjá ìyẹn kó tó mí. Alẹ́ńkíì kékeré ni kẹ́ ẹ lò. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ méjèèjì yí síìtì tí kò yí, ó ti tó.

Ká ní títú u ò yanjú ẹ̀ ni, wáyà tó so lífà mọ́ ọn là bá tún yẹ̀ wò. Tí wáyà bá dẹ̀ jù, lífà á kàn máa rìn lásán. Tó bá sì le jù, ọ̀nà tí òróró tàbí gáàsì inú ẹ̀ ń gbà ò ní í pa dé dáadáa, síìtì á máa yọ́ lọ sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá jókòó sórí ẹ̀. Yíyọ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tèmi lẹ́yìn oṣù méjì. Màá jókòó, á wọlẹ̀ díẹ̀, á máa fì bíi bẹ́ẹ̀dì onísípíríǹgì. Ọmọ mi ní kí n tú wáyà kúrò lára ẹ̀ pátápátá, kí n wá jókòó. Tí kò bá wọlẹ̀ mọ́, wáyà ló ń ṣe é. Tó bá ṣì ń wọlẹ̀, inú ẹ̀ ló ti bà jẹ́. Ó ṣì ń wọlẹ̀.

Ọ̀gá wa ní òun á tú u, ó ti mú hámà lọ́wọ́. Ọmọ mi lọgun lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má ṣí i! Gáàsì tó wà nínú ẹ̀ lágbára, ó lè fọ́ yín lójú." Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Nínú irú àwọn kan, ẹ lè yọ ike gáàsì inú ẹ̀ lódidi kẹ́ ẹ fi tuntun sí i, àmọ́ ike yẹn fúnra ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lù ú tàbí kó lu ihò sí i. Orúkọ tó wà lára tèmi ti pa rẹ́, a ò mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, a ò sì lè mọ ike tó bá a mu. Ló bá di pé ká ra odidi.

Ibẹ̀ ni mo tún ti ṣìwà hù. Mo fi tépù tí àwọn télọ̀ ń lò wọn páìpù náà, mo rí nǹkan bíi mìlímítà 31, mo sáré ra 30.9 tí mo rí ní tòkunbọ̀, láìdúró de ọmọ mi. 31.6 ni fíréèmù mi ń gbà. Kò pé mìlímítà kan tó fi yàtọ̀, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló máa rò pé ó lè ṣe nǹkan kan? Mo gé agolo mílíìkì, mo fi lọ́ ọ lára, mo ní mo gbọ́n. Ọjọ́ kẹta ló yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú mi lórí ẹ̀, tó sì rì wọlẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé orí ilẹ̀ títẹ́jú ni mo wà. Wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà ìbú ẹ̀ sára páìpù náà, níbi tó ń wọ inú fíréèmù. 27.2, 30.9 àti 31.6 ló wọ́pọ̀. Ẹ fà á jáde, ẹ kà á, ẹ má fi ojú díwọ̀n.

Lẹ́yìn ìbú, gíga ló kàn. Ẹ gbé síìtì síbi tó bá orúnkún yín mu, kẹ́ ẹ wá wọ̀n láti orí kílíìpù dé ibi irin abẹ́ síìtì. Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21. Ọlọ́jà fẹ́ ta èyí tó ń lọ sókè sódò ní mìlímítà 150 fún mi, ó ní òun ló dáa jù. Ọmọ mi ní rárá. Tẹ́ ẹ bá ro mìlímítà 150 pọ̀ mọ́ orí ẹ̀ àti ọrùn ẹ̀, kódà tí wọ́n bá rì í wọnú fíréèmù tán, á ṣì ga ju 21 lọ, màá tún padà sí ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ò tó pẹ́dà. 125 la mú. Ẹ tún ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú fíréèmù láti mọ ibi tó jìn dé, torí páìpù irú èyí gùn nísàlẹ̀, àwọn fíréèmù kan sì tẹ̀ nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà. Tí kò bá síhò lára fíréèmù tí wáyà lè gbà wọlé, èyí tí wáyà ẹ̀ ń gba ìta ni kẹ́ ẹ rà.

Títọ́jú ẹ̀ ò le. Àkísà mímọ́ ni mo fi ń nu ara ẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá jáde, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku pọ̀. Mi ò jẹ́ kí kẹrosíìnì tàbí pẹtiróò kàn án, torí rọ́bà tó ń dá ìdọ̀tí dúró lọ́rùn ẹ̀ kò fẹ́ wọn. Mi ò sì fi síìtì gbé kẹ̀kẹ́ sókè nígbà tó bá relẹ̀, fíréèmù ni mo ń dì mú, torí fífà á bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ ibi tí kò yẹ nínú ẹ̀.

Orúnkún mi ti fi mí lọ́rùn sílẹ̀ báyìí, mo sì ti ń gba Òkè Màpó kọjá padà, àmọ́ kí n tó dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni mo ti ń tẹ lífà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń nu kẹ̀kẹ́ lójúde, ìyá àwọn ọmọ mi, ẹni tó ní kí n tà á, jáde wá, ó ro ìró ẹ̀ mọ́ra dáadáa. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ tẹ nǹkan yẹn, kí síìtì wá sílẹ̀ fún mi." Mo jókòó tẹ̀ ẹ́, síìtì lọ sílẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo di kẹ̀kẹ́ mú, ó gùn ún, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì kanlẹ̀.