Máńgòrò Yíyan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a sọ bí oúnjẹ kan ṣe gba orúkọ nílé wa.

Mínnà, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. Haúsá ni a ń sọ lọ́jà, Tápà àti Gbagyi ni àwọn aládùúgbò wa ń sọ, Yorùbá sì ni ti inú ilé. Lọ́dún kan, ìyá bàbá wa wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ní àwọn yóò mú àbíkẹ́yìn wa lọ kí ó má baà di Gàmbàrí, nítorí Haúsá ti pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Bàbá wa dákẹ́. Ìyá wa kò jẹun alẹ́.

Oṣù kẹrin ni, máńgòrò pọ̀ débi pé ó ń jẹrà lábẹ́ igi. Àwa ọmọ pinnu láti fi ṣe ohun tí Màmá yóò gbádùn. A ra mẹ́fà tó pọ́n ṣùgbọ́n tí kò rọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn obìnrin Gbagyi tí wọ́n máa ń fi èjìká ru ẹrù. A bó wọn, a gé wọn sínú abọ́ tánganran, a fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i, a sì bu ṣúgà ṣíbí méjì lé e. A wá fi ọwọ́ ra ìyẹ̀fun àlìkámà ife kan pọ̀ mọ́ ìlàjì ife bọ́tà àti ṣúgà díẹ̀ títí ó fi rí bíi gàrí, a sì wọ́n ọn bo máńgòrò náà.

Ààrò ìgbàlódé kò sí nílé wa. A da iyanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò irin, a to òkúta mẹ́ta lé e, a gbé e ka iná èédú, a sì dé e títí ó fi gbóná kí a tó gbé abọ́ náà sí i. Ti àkọ́kọ́ jóná nísàlẹ̀, òkè rẹ̀ sì funfun bí ẹfun. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, a kó ẹyin iná sórí ọmọrí pẹ̀lú. Nígbà tó tó bí ìṣẹ́jú 40, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n tún bù sí i. Wọ́n ní, “Kí lẹ ń pè é?” A ò mọ èsì. Àbíkẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá ṣàlàyé gbogbo bí a ti ṣe é. Nígbà tó kan ohun tí iná ṣe, ó ní, “A *gasa* rẹ̀ ni, Màmá.” Haúsá nìyẹn! Gbogbo wa di orí mú.

Ẹ̀rín ni Màmá rín. “Iṣu là ń sun, àkàrà là ń dín. Ẹ̀pà tí a dà sínú iyanrìn gbígbóná ńkọ́?”

Ó ní, “Yíyan ni.”

“Ẹ ò rí i? Máńgòrò yíyan lẹ ṣe. Yorùbá wà lẹ́nu ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ kan péré ló ń wá.”

Nígbà tí Màmá ń lọ, wọ́n fi àbíkẹ́yìn wa sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò padà wá gbọ́ Yorùbá ẹnu rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Láti ìgbà náà, bí a bá ń dáná, a máa ń bi ara wa ní orúkọ ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe: bó, gé, fún, pò, yan. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ sí ìdálẹ̀ bíi tiwa, ẹ máa sọ èdè yín nídìí iná. Yorùbá kò ní kú mọ́ wa lẹ́nu.