Àlọ́ Tí Kò Ní Ègbè

Àwọn Jámánì tó gba Togo ní 1884 la ojú irin dé Atakpamé. Wọ́n tún ri òpó rédíò gogoro mọ́lẹ̀ ní Kamina nítòsí wa níbí, wọ́n ń ti ibẹ̀ ránṣẹ́ sí Nauen, lẹ́bàá Berlin. Ní August 1914, àwọn fúnra wọn ló fọ́ ọ, kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Orin wọn ní tirẹ̀, orí fóònù ni mo ti bá a pàdé.

Nínú àwọn tó kọ ọ́, Robert Schumann ló gbà mí lọ́kàn jù. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí àwọn arákùnrin Grimm tẹ ìwé àlọ́ wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1812. Ní 1851 ó kọ Märchenbilder, àwòrán inú àlọ́, fún dùùrù àti viola. Apá mẹ́rin ni. Mo wá orúkọ àlọ́ lórí wọn tì. Bí a ó ṣe yára tàbí rọra sí ló kọ síbẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, viola ń sáré láìmí. Ta ló ń lé e? Schumann kò sọ. Kódà orin rẹ̀ mìíràn, Kinderszenen ti 1838, tó fún apá mẹ́tàlá rẹ̀ lórúkọ, ó ní orin ló kọ́kọ́ wà kí òun tó wá orúkọ fún un.

Nínú àlọ́ tiwa, orin kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Irọ́ oyè ni Ìjàpá fi tan Àjànàkú, ṣùgbọ́n orin ló fi sìn ín dé orí kòtò tí wọ́n tẹ́ ẹní lé. Bí ohùn àwa ọmọdé bá ti rẹ̀wẹ̀sì, ìyá àgbà á dákẹ́, á ní Erin ti dúró sójú ọ̀nà, kò lọ mọ́. Ẹ ò rí i bí a ṣe máa ń pariwo!

Dùùrù Schumann kò bẹ ẹnikẹ́ni kó gbè é. Kálukú á jókòó jẹ́ẹ́, á máa pa àlọ́ tirẹ̀ sínú. Mi ò ní kò dùn o. Apá kẹrin Märchenbilder yẹn ti gbé mi sùn rí. Akin Euba, ọmọ Èkó tó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Pittsburgh, ló sún mọ́ ohun tí mò ń wá: ó ní kí dùùrù máa dún bí ìlù. Ègbè ló kù. Ì bá wù mí kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì gbé orin Àjànàkú lé e, kó dá ìlà kan, kó gbé ọwọ́ kúrò, kó wo ojú àwọn tó jókòó. Bí wọn kò bá gbè é, kó má tẹ ìlà kejì: Erin kò tíì rìn.